Fóònù tí ń Ròyìn Ohun tí ó Wà Níwájú Afọ́jú: Àlàyé fún Ẹ̀yin Ìyá àti Gbogbo Ará Ilé

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ yóò fi ṣọ́ orí tirẹ̀, àti orí ọmọ tí ó ń tọ́? Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, etí, ọwọ́, ọ̀pá àti ọmọ tí ń fà á lọ́wọ́ ni afọ́jú gbára lé. Ní ayé òde òní, ohun mìíràn ti kún un: fóònù tí ó ní kámẹ́rà, tí ó lè wo ìwé, aṣọ, owó tàbí àga tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì fi ohùn bí ti ènìyàn ròyìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin olórí ilé ní Alajue, ní ìlú Ẹdẹ, àti ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ lè ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ yìí. Ó lè jẹ́ pé ọmọ yín tí ó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun ni ó sọ pé òun yóò fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ń tà á ni ó pè é ní ojú tuntun. Ojú kọ́ ni. Ẹ̀rọ tí ń ka ohun tí kámẹ́rà rẹ̀ bá kọjú sí ni. Bí a bá lò ó pẹ̀lú òye, yóò dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ padà sí ọwọ́ afọ́jú. Bí a bá sì fi í rọ́pò ìtọ́jú ojú, ọ̀pá funfun, tàbí ìṣọ́ra lórí oògùn ọmọ, ó lè mú ewu wọ inú ilé. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún yín.

KÍ A TÓ SỌ̀RỌ̀ FÓÒNÙ, Ẹ LỌ YẸ OJÚ WÒ

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe irú fóònù tí ẹ ó rà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ǹjẹ́ oníṣègùn ojú ti yẹ ẹni náà wò?

Ìwádìí tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàrin ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ó ti tó ẹni 40 ọdún, bíi 4 ni ó fọ́jú. Nínú gbogbo àwọn tí ó fọ́jú wọ̀nyí, bíi 84 nínú 100 ni ìfọ́jú wọn jẹ́ èyí tí ìbá ṣeé dènà tàbí tí ó ṣì ṣeé tọ́jú. Kàtárátì ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù, bíi 43 nínú 100.

Kàtárátì ni àìsàn tí ń mú kí inú ọmọ ojú funfun bí ẹni pé ìkùukùu bò ó. Kò sí omi ojú tàbí àgbo tí ó lè yọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀: oníṣègùn yóò yọ ohun tí ó ti ṣú náà, yóò sì fi dígí kékeré kan rọ́pò rẹ̀ nínú ojú. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tí a ti kà mọ́ afọ́jú ni ó tún ríran lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó ra fóònù fún ìyá tí kàtárátì bò lójú, láìkọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, ra ọ̀pá fún ẹni tí ó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Gílókómà yàtọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jí ìríran kó, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìrora kankan. Ohun tí ó bá ti kó lọ kò ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá ìyókù sí. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, kí àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú lọ yẹ ojú wò bí ojú kò tilẹ̀ dùn wọ́n. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ má ṣe gbàgbé fítámì A ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù 6 títí yóò fi pé ọdún 5, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyí ní oṣù 9 àti oṣù 15. Èéyí àti àìtó fítámì A lè ba ojú ọmọ jẹ́ títí ayé. Ẹ má ṣe kán ìtọ̀, omi ọmú tàbí omi ewé sí ojú tí ń dunni.

Láti Alajue, Òṣogbo kò jìnnà. Oníṣègùn ojú wà ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIOSUN níbẹ̀. Wọ́n wà ní OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní UCH ní Ìbàdàn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìtọ́jú tí ó sún mọ́ yín, kí wọ́n fún yín ní ìwé tí ẹ ó mú lọ.

Bí oníṣègùn bá ti wá sọ pé ìríran náà kò ní padà mọ́, ayé kò parí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ fóònù yìí ti bẹ̀rẹ̀.

BÁWO NI A ṢE DÉ ORÍ Ẹ̀RỌ YÌÍ?

Ó ti pẹ́ tí àwọn afọ́jú ti ń wá ọ̀nà láti kàwé fún ara wọn. Ní ọdún 1824, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó fọ́jú láti kékeré, Louis Braille, ṣe ìlànà àwọn àmì róbótó tí ó yọ sókè lára ìwé, tí a ń fi ìka ọwọ́ kà. Ọmọ ọdún 15 péré ni ó jẹ́ nígbà náà. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹgbẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, òun ni ó sì ni ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú tí ó wà ní Òṣòdì, Èkó. Ní ọdún 1962 ni ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn ọmọ tí kò ríran bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ní ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún àwọn tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà ara.

Ṣùgbọ́n ìwé tí kò sí ní Braille pọ̀ ju èyí tí ó wà lọ. Lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́, káàdì ilé-ìwòsàn àti ara páálí oògùn, lẹ́tà tí ojú ń kà ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1976, Ray Kurzweil ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ń wo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń kà á sókè. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba orí tábìlì kan tán.

Ohun tí ó gba orí tábìlì nígbà náà ti wọ inú àpò báyìí. Ní ọdún 2009, fóònù iPhone àti ti Android bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohùn tí ń ka ohun tí ó wà lójú wọn fún afọ́jú. Ní ọdún 2015, Hans Jørgen Wiberg, oníṣẹ́ àga kan ní Denmark tí ojú òun fúnra rẹ̀ kò ríran dáadáa, bẹ̀rẹ̀ áàpù Be My Eyes: afọ́jú yóò pe, ẹni tí ó ríran níbikíbi láyé yóò gbé e, yóò wo ohun tí kámẹ́rà ń fi hàn, yóò sì sọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn fún un sì ti ju mílíọ̀nù 7 lọ. Ní ọdún 2017, iléeṣẹ́ Microsoft gbé Seeing AI jáde. Saqib Shaikh ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà, ẹni tí òun pẹ̀lú fọ́jú láti ọmọ ọdún 7. Ní ọdún 2019, Google gbé Lookout jáde fún fóònù Android. Ní ọdún 2023, Be My Eyes fi ọgbọ́n àtọwọ́dá kún iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ fi lè ṣàlàyé odindi àwòrán láìsí pé ènìyàn gbé ìpè náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí ojú ń dùn gan-an ni ó wà lára àwọn tí ó ṣáájú iṣẹ́ yìí.

BÁWO NI Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń MỌ OHUN TÍ Ó RÍ?

Ẹ ronú nípa bí ọmọ kékeré ṣe ń kọ́ orúkọ nǹkan. Ìyá nawọ́ sí ewúrẹ́, ó ní, “Ewúrẹ́ nìyí.” Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rí àgùntàn, ó pè é ní ewúrẹ́, ìyá sì tọ́ ọ sọ́nà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ náà mọ̀ wọ́n yàtọ̀, bí kò tilẹ̀ lè ṣàlàyé bí ó ti ṣe mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà. Lójú ẹ̀rọ, àwòrán kì í ṣe ewúrẹ́ tàbí aṣọ. Àmì kéékèèké tí ó pọ̀ bí iyanrìn ni, tí olúkúlùkù wọn ní àwọ̀ tirẹ̀, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ sì fi ń ka àwọ̀ wọ̀nyí. Wọ́n fi àìmọye àwòrán hàn án, pẹ̀lú orúkọ ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àkójọ kan jáde tí wọ́n pè ní ImageNet. Nígbà tí ó yá, àwòrán inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 14 lọ, ènìyàn ni ó sì bá wọn to orúkọ mọ́ wọn. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà fi apá kan nínú rẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà, ìdáhùn rẹ̀ sì tọ̀nà ju ti gbogbo àwọn tí ó bá a díje lọ. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti ń yára tẹ̀ síwájú.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ di mú nínú àlàyé yìí ni pé ẹ̀rọ kò mọ nǹkan bí ìyá ṣe mọ ọmọ rẹ̀. Ó ń méfò ni. Ó ń wo bí àwòrán iwájú rẹ̀ ṣe jọ àwọn tí ó ti rí tẹ́lẹ̀, ó sì ń sọ orúkọ tí ó jọ pé ó bá a mu jù. Ohun tí kò rí tó nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lè ṣòro fún un. Bí ó bá rí àwo búrẹ́dì lọ́pọ̀ ìgbà, tí kò rí àmàlà rí, ó lè fi orúkọ oúnjẹ mìíràn pe àmàlà. Èyí tí ó wá léwu jù ni pé ohùn tí ó fi ń sọ òtítọ́ náà ni ó fi ń ṣe àṣìṣe. Ohùn rẹ̀ kì í gbọ̀n, kì í sì í sábà sọ pé “kò dá mi lójú.”

Ìdí kejì tí àṣìṣe fi ń wáyé ni àwòrán tí kò dára. Láti ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti ṣí iṣẹ́ VizWiz, nínú èyí tí àwọn afọ́jú fi fóònù ya àwòrán, tí wọ́n sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Ní ọdún 2018, a kó irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 31,000 jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà ṣókùnkùn, tàbí kí ọwọ́ ti gbọ̀n, tàbí kí ohun tí à ń béèrè má tilẹ̀ wọ inú àwòrán tán. Kò yani lẹ́nu: ẹni tí kò ríran kò lè mọ̀ bóyá iná tó, tàbí bóyá ìka òun ni ó bo kámẹ́rà. Ibí yìí ni ará ilé ti lè ṣe ìrànwọ́ ńlá.

IṢẸ́ TÍ Ó LÈ ṢE NÍNÚ ILÉ

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí kò ríran, tí ó ń gbé ní Alajue pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ṣe àpẹẹrẹ. Pẹ̀lú fóònù yìí:

1. Ó lè ka lẹ́tà tí olùkọ́ fi rán ọmọ sí i, kí ó tó di pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó wù ú pé ó wà nínú rẹ̀.
2. Ó lè mọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ara káàdì àjẹsára. Èyí tí a fi ọwọ́ kọ lè ṣòro díẹ̀ fún ẹ̀rọ.
3. Ó lè mọ àwọ̀ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má baà wọ ti ọmọ kan fún èkejì.
4. Ó lè mọ agolo mílíìkì yàtọ̀ sí agolo tòmátò.
5. Ó lè béèrè bóyá iná ń tàn nínú yàrá, tàbí bóyá àga wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.
6. Ó lè ka ìwé ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ìwé ìròyìn láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe fojú kéré àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí ó ti ń bẹ ọmọ aládùúgbò láti ka lẹ́tà ilé-ìwòsàn rẹ̀ fún un kò ní àṣírí mọ́. Bí ó bá lè kà á fúnra rẹ̀, iyì rẹ̀ padà sí i lára.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ìṣòro kan tí ó kù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí ń sọ dáadáa jù. Yorùbá sì nira fún wọn nítorí àmì ohùn. Igba ni òǹkà kan; igbá ni a fi ń bu omi; ìgbà ni àsìkò; igbà sì ni ohun tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Bí kámẹ́rà kò bá rí àmì orí wọn, tàbí tí ẹni tí ó kọ ìwé kò bá fi àmì sí i, ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ẹ̀rọ. Ní Ẹdẹ, a kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wa ní èyí. Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tí ó jọba láti ọdún 1946 sí 1975, jẹ́ ògbóǹtarìgì onílù, a sì mọ̀ nílùú wa pé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Ìlù tí kò mọ ohùn, ariwo ni ó ń pa. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ̀wé sílẹ̀ fún afọ́jú kí fóònù lè kà á, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹ sì fi àmì sí i. Bí ìyá àgbà kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún òun nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan jókòó tì í láti túmọ̀.

IBI TÍ KÒ YẸ KÍ A GBẸ́KẸ̀ LÉ E

Oògùn. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀yin ìyá. Oògùn olómi ti ọmọdé lè wà ní agbára 125 miligíráàmù nínú ṣíbí kan, òmíràn tí ó ní orúkọ kan náà sì lè jẹ́ 250. Bí iná bá kọ mànà lára ìgò, tàbí tí ìwé ara rẹ̀ bá ti ya, ẹ̀rọ lè fo nọ́ńbà kan, tàbí kí ó ka ẹ̀gbẹ́ kan láìka èkejì. Àwọn tí ń ṣàlàyé àwòrán tilẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí lára ìgò rárá. Ọmọ tí ó yẹ kí ó mu ìdajì lè tipa bẹ́ẹ̀ mu ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ọmọ ní oògùn nítorí pé fóònù nìkan ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yẹ ni èyí: lọ́jọ́ tí ẹ bá gba oògùn, kí ẹni tí ó ríran jókòó ti ìyá náà, kí wọ́n jọ fi àmì sí i. Kí wọ́n so rọ́bà kan mọ́ ọrùn ìgò oògùn ibà, kí wọ́n so méjì mọ́ ti ikọ́. Kí wọ́n bẹ olóògùn kí ó gé àmì sí ara ohun ìwọ̀n, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí ó yẹ kí oògùn dé. Kí olúkúlùkù ìgò ní ààyè tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má sì ṣe ṣí i nípò. Àmì ọwọ́ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, fóònù ni ẹlẹ́rìí kejì. Bí àwọn méjèèjì kò bá sọ ohun kan náà, ẹ dúró, kí ẹ wá ẹni tí ó ríran. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ kẹrosíìnì tàbí ògùn kòkòrò sínú ìgò ohun mímu láéláé.

Títì àti ọ̀nà. Kámẹ́rà tí a gbé lọ́wọ́ kò yára tó ọ̀kadà. Kí ó tó sọ ohun tí ó rí tán, ọ̀kadà ti dé. Ó lè má rí gọ́tà tí kò ní ìdérí tàbí kànga tí ẹnu rẹ̀ kò ga. Ọ̀pá funfun, etí àti ẹlòmíràn ni a fi ń sọdá títì. Fóònù wà fún kíkà, kò wà fún ìrìn.

Owó. Kì í ṣe gbogbo àwọn áàpù wọ̀nyí ni ó mọ náírà. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Lára N200, N500 àti N1000, èyí tí wọ́n pa láró tuntun ní ìparí ọdún 2022 àti ti àtijọ́ wà nínú ìná pọ̀. Ẹ dán ẹ̀rọ náà wò nílé pẹ̀lú owó tí ẹ mọ̀, kí ẹ tó gbé e lọ sí ọjà. Ọgbọ́n àtijọ́ ṣì dára: kí a ká owó kan sí méjì, kí a ká òmíràn sí mẹ́rin, kí àpò wọn sì yàtọ̀.

Àìsàn. Áàpù yìí kì í ṣe dókítà. Bí ara ọmọ bá gbóná, tàbí tí nǹkan bá sú sí i lára, ilé ìtọ́jú ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má ṣe ya ọmọ níhòòhò láti fi bi ẹ̀rọ léèrè.

Àṣírí. Àwòrán tí ẹ bá yà lè jáde kúrò nínú fóònù yín lọ sí kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ mìíràn, tàbí sí ojú ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ẹ má ṣe fi káàdì báǹkì, nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, tàbí nọ́ńbà NIN yín hàn án.

BÍ Ẹ Ó TI BẸ̀RẸ̀

1. Ẹ kò nílò ohun olówó ńlá. Ẹ̀rọ kan wà tí a ń so mọ́ dígí ojú, irú ti OrCam, tí wọ́n ti tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ṣùgbọ́n fóònù Android tí kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ lè tó. Ọ̀fẹ́ ni Lookout, Seeing AI àti Be My Eyes. Dátà nìkan ni ẹ ó rà. Ẹ má ṣe san owó fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ta àwọn áàpù wọ̀nyí fún yín.
2. Ẹ kọ́kọ́ tan ohùn inú fóònù náà, èyí tí ń jẹ́ TalkBack. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ohùn méjèèjì papọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, yóò tàn. Láti ìgbà náà, ìka kan yóò máa gbọ́ orúkọ ohun tí ó bá fọwọ́ kàn, yóò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá láti ṣí i.
3. Ẹ kọ́ ọ lọ́sàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kí ẹni náà gbé ìwé lé tábìlì, kí ó fi fóònù kan ìwé, kí ó sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìwọ̀n ìbú ọwọ́ mẹ́ta.
4. Ẹ nu ojú kámẹ́rà. Epo ọwọ́ àti eruku a máa fọ́ ọ lójú.
5. Ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì: agolo, aṣọ, ìwé àti owó. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ó ti ń ṣe àṣìṣe, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tí yóò lò ó.
6. Ẹ fi iná kún fóònù nígbàkigbà tí iná ọba bá wà. Àwọn iṣẹ́ kan, bí kíka lẹ́tà kúkúrú, lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àlàyé odindi àwòrán ni ó sábà máa ń nílò rẹ̀.

OJÚṢE ARÁ ILÉ

Ẹ̀rọ yìí kò sọ pé kí ará ilé ká ọwọ́ gbera. Ní tòótọ́, àǹfààní rẹ̀ pọ̀ jù ní ilé tí a ti fi ohun gbogbo sí ààyè rẹ̀, tí a kò gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, tí a kò sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ìdajì. Bí ẹ bá ń kọ́ ìyá náà, ẹ fi sùúrù kọ́ ọ. Ẹ má ṣe já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti yára ṣe é fún un. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ fúnra rẹ̀ ni yóò lè lò ó nígbà tí ẹ bá jáde lọ.

Bí ọmọ yín ni kò ríran, ẹ má ṣe rò pé fóònù ti tó ilé-ẹ̀kọ́. Kí ó kọ́ Braille, kí ó kọ́ ìlò ọ̀pá funfun, kí ó sì kọ́ kọ̀ǹpútà. Òfin tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti yà ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí àbùkù ara: ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san N100,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ lè san mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ má ṣe fi ọmọ náà pamọ́ sí ìyẹ̀wù.

Ní àkótán, ẹ fi ohun mẹ́ta yìí sọ́kàn. Ẹ yẹ ojú wò ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ ìfọ́jú ni ó ní ìtọ́jú. Ẹ lo fóònù fún kíkà àti fún mímọ nǹkan, kí iyì àti òmìnira afọ́jú lè pọ̀ sí i. Ẹ má sì ṣe fi oògùn ọmọ àti ẹ̀mí ẹni tí ń sọdá títì lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà: oníṣègùn, ará ilé, ọ̀pá funfun àti ẹ̀rọ, olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìlera ni ọrọ̀.